Wọ́n ní ìbọn náà wúwo, a dín in kù, wọ́n tún ní ó ń gbọ̀n

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo wà, ìbọn eré ìdárayá la ń ṣe, irú èyí tí ẹni tó rà á lè tú, kó pààrọ̀ ìdí rẹ̀ (apá tí à ń tì mọ́ èjìká), ọ̀pá rẹ̀ (irin tí ọta ń gbà jáde) àti awò rẹ̀ (ohun tí à ń fojú wò láti sun àmì) bó ṣe wù ú. A fún oníbàárà méjìlá ní ìbọn ìdánwò. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní ó wúwo jù. A yọ 600 gíráàmù kúrò, a tún gbé e fún wọn. Ní báyìí, àwọn kan ní ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn, àwọn kan ní ó ń ta àwọn léjìká. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn

Gbogbo wọn ni kí ẹ gbọ́ tiwọn, àmọ́ ẹ má tíì mú ayùn. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà ń mú wá fún wa ni bó ṣe ń rí lára rẹ̀. Ohun tó fà á, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ẹni tó ní inú ń run òun kò ní kí dókítà gé inú òun dànù. "Ó wúwo" ni wọ́n wí, ẹ̀yin wá gbọ́ ọ bíi "ẹ dín kìlò rẹ̀ kù".

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án yẹn, kí ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo ló wúwo? Ẹni tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn rìn, tí okùn rẹ̀ ń gé e léjìká, kìlò ló ń bá jà lóòótọ́. Ẹni tó dúró, tó ń fojú sun àmì, tí apá tó fi gbé iwájú ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tó dé orí ọta kẹrin, ibi tí ìwúwo náà wà ló ń dà á láàmú. Ẹ gbé ìbọn náà, lófìfo, lé etí pátákó tó dúró gbọn-in. Ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Bí àmì yẹn bá jìnnà síwájú ju ibi tí ọwọ́ ń gbé e, ẹ ti rí ọ̀daràn. 100 gíráàmù tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà síwájú ọwọ́ ń fa apá wálẹ̀ bákan náà bíi 400 gíráàmù tó wà ní 10 sẹ̀ǹtímítà.

Nígbà kan, ìbọn ìdánwò kan padà sọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tó ti kọ̀wé pé ó wúwo. Ó so mọ́ ọn nínú lẹ́tà kejì pé òun ti tún un ṣe fúnra òun, pé ó ti fúyẹ́ wàyí. Mo rí téèpù dúdú tó yí ìdí ìbọn náà po. Mo tú u: òjé ìwọ̀ ẹja ló tò sábẹ́ rẹ̀ ní méjì-méjì. Mo gbé e sórí ìwọ̀n, ó fi 180 gíráàmù lé ohun tí a kó fún un! Ìwúwo ẹ̀yìn ti gbé iwájú sókè, apá rẹ̀ sì sinmi. Láti ọjọ́ náà, téèpù tí oníbàárà lẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ha ọ̀dà kúrò ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó ka lẹ́tà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń ta ni léjìká kò ní awo nínú. Bí ọta bá ṣe ń jáde lọ síwájú náà ni ìbọn ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, bí ìbọn bá sì ti fúyẹ́ tó náà ni yóò ṣe yára sẹ́yìn tó. Bí àpẹẹrẹ, ìbọn kìlò 4 tí ẹ bá sọ di kìlò 3, tí ẹ kò pààrọ̀ ọta rẹ̀, agbára tó fi ń ta padà yóò lékún ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Pẹ̀lú ọta .22, irú ọta kékeré, ìtapadà kéré débi pé kò sẹ́ni tí yóò ráhùn. Nítorí náà mo fura pé àwọn tó ń ké léjìká ni wọ́n fi ọ̀pá ọta ńlá sí i. Ẹ yẹ ìwé yín wò, bóyá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gbígbọ̀n ni wọ́n ń lo .22.

Gbígbọ̀n ńkọ́? Ìbọn tó fúyẹ́ ń gbọ́ ìlù ọkàn ẹni tó dì í mú. Gbogbo èémí, gbogbo ìlù ọkàn ló ń sún un, nígbà tí èyí tó wúwo díẹ̀ kì í tètè dáhùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìn sí àmì ní mítà 10 fi ń lo ìbọn tó wúwo dáadáa, tí òfin eré náà sì fi 5.5 kìlò ṣe òpin rẹ̀. Ti biathlon, eré ìdíje tí wọ́n ti ń sáré lórí yìnyín tí wọ́n sì ń dúró yìnbọn, yàtọ̀. Ìbọn ń bẹ lẹ́yìn wọn bí wọ́n ti ń sáré lórí yìnyín, gbogbo wọn ló fẹ́ kó fúyẹ́, òfin ló ní kò gbọdọ̀ dín sí 3.5 kìlò. Bí ẹnì kan nínú àwọn méjìlá yín bá ń ṣe biathlon, tí ẹ sì gé tirẹ̀ di 3.3, ẹ ti lé e kúrò nínú ìdíje.

Mo tún fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti gé 600 gíráàmù náà. Bó bá jẹ́ ara ọ̀pá ni, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pá .22 tó nípọn 22 mìlímítà, bí ẹ bá fá a di 18, ìwúwo rẹ̀ yóò dín ní bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n okun tí kì í jẹ́ kó tẹ̀ yóò dín ní ìdá 55. Irú òwò wo nìyẹn? Alumíníọ̀mù náà lẹ́tàn. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta irin, okun rẹ̀ láti má tẹ̀ náà sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, bí ooru bá sì mú un, ó ń gùn tó ìlọ́po méjì irin. Inú ìdí ìbọn, níbi tí igi pọ̀ sí lásán, ni èmi ì bá ti kọ́kọ́ gbẹ́.

Wàyí o, tiyín ṣeé tú, oríkèé rẹ̀ sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ọ̀pá tó gùn ní 500 mìlímítà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré yà lẹ́yìn tí wọ́n tún un tò, ọta yóò yà ní mìlímítà 10 ní mítà 50. Àmì tí oní-biathlon tó dùbúlẹ̀ ń yìn sí níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45 ní fífẹ̀. Ẹ ní kí oníbàárà yìn márùn-ún, kó tú u, kó tò ó, kó tún yìn márùn-ún, nígbà mẹ́wàá, kó fi àwọn bébà náà ránṣẹ́. Bébà kì í parọ́ láti fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo máa tú gbogbo skúrù, kí skúrù má sì lè bọ́ kúrò lára ẹ̀yà rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ti wá skúrù nínú koríko rí kò nílò àlàyé.

Ohun kan wà tí a kì í fi ìbò yàn: tírígà, ibi tí ìka ń fà kí ọta tó jáde. Wọn yóò bẹ̀ yín pé kó rọ̀ sí i. Òfin biathlon ní agbára tí ìka fi ń fà á kò gbọdọ̀ dín sí 500 gíráàmù. Ohun yòówù kí wọ́n wí, tírígà tó lè já nígbà tí ìbọn bá jábọ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ yín. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ máa sọ ọ́ lulẹ̀, láìsí ọta nínú rẹ̀, ní gbogbo ìhà.

Ní báyìí, bó bá jẹ́ ọ̀pá lẹ fá, ẹ dá èyí tó nípọn padà. Ẹ mú mẹ́fà nínú àwọn ìbọn náà, ẹ fi 200 gíráàmù òjé sínú ihò ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mẹ́fà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ fi ìdérí kan náà bo gbogbo wọn. Ẹ má sọ èyí tó jẹ́ èwo fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún bi wọ́n pé ṣé ó wúwo.