Oúnjẹ Tí Ajá Yín Ti Ń Jẹ Láti Kékeré Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fura Sí

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ajá mi, Rottweiler ọmọ ọdún 3, ti ń họra láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru, etí rẹ̀ méjèèjì sì ń rùn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ, nítorí ìrẹsì àti orí adìẹ ló ti ń jẹ láti kékeré, kò sì ṣe é ní nǹkan kan rí. Síbẹ̀, mo ti pààrọ̀ oúnjẹ inú àpò tí mo fi ń kún un lẹ́ẹ̀mẹta. Aládùúgbò mi ní kí n fi òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò pa á lára. Oúnjẹ wo ni kí n máa fún un? Ìyá kan ní Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ajá, mà. Kí n tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnnì kan ajá yẹn. Ohunkóhun tó bá wà lára ajá ni yóò fi ahọ́n lá, nítorí náà májèlé inú òróró náà yóò gba ẹnu wọ inú rẹ̀, yóò sì tún jó awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀. Ó ń bí mi nínú gan-an pé àwọn ènìyàn ṣì ń gba ara wọn nímọ̀ràn yìí.

Ní ti ìbéèrè yín, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ajá: ó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, nítorí náà kò lè jẹ́ òun. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ara kì í kọ ohun tí kò bá pàdé rí. Kí ara ajá tó lè kọ purotéènì kan, ìyẹn èròjà amáradàgbà tó wà nínú ẹran, ẹyin, wàrà àti ọkà, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ kà á sí ọ̀tá, kí wọ́n sì máa kó ohun ìjà jọ dè é. Èyí lè máa lọ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún láìsí àmì kankan. Bí oyin ṣe lè ta ènìyàn lónìí kí ojú ibẹ̀ kàn wú díẹ̀, tó wá jẹ́ pé ìgbà tí òmíràn bá tún ta á ni gbogbo ara rẹ̀ yóò wú, bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ tí ajá yín ti jẹ fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà ṣe lè di ohun tí ara rẹ̀ kọ̀.

Nínú àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí ajá 297 tí wọ́n ní alẹ́jì oúnjẹ, ìyẹn kíkọ̀ tí ara ń kọ oúnjẹ kan bí mo ṣe ṣàlàyé yìí, ẹran màlúù ló ń yọ nǹkan bí 34 lẹ́nu nínú ọgọ́rùn-ún, wàrà àti ohun tí a fi wàrà ṣe 17, adìẹ 15, àlìkámà 13. Oúnjẹ ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn. Ìrẹsì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò, kì í sábà jẹ̀bi.

Èrò kan náà ló sọ pípààrọ̀ àpò di asán. Ẹ yí àpò tó wà nílé yín padà, kí ẹ ka ìwé wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ya àgùntàn tàbí ẹja sí níwájú lè ní "poultry meal" tàbí "chicken fat" ní ìlà kẹta, ìyẹn ni pé adìẹ lílọ̀ tàbí ọ̀rá adìẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Àpò lẹ ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Adìẹ ṣì wà nínú abọ́, nígbà tí ẹ kò tíì yọ orí adìẹ kúrò.

N kò tíì rí ajá yín, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oúnjẹ ni. Eégbọn, kúrúnà àti ohun inú afẹ́fẹ́ bí eruku ilé máa ń mú ajá họra ju oúnjẹ lọ. Dókítà ẹranko ní láti ha awọ rẹ̀ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì tọ́jú etí tó ń rùn yẹn, nítorí oúnjẹ nìkan kò ní wò ó. Ẹ ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ wo àárín wọn: bí ibẹ̀ bá pọ́n, tí itọ́ sì ti sọ irun ibẹ̀ di rúsúrúsú, ìfura oúnjẹ mọ́gbọ́n wá.

Ẹ má náwó sórí àyẹ̀wò irun tàbí itọ́ tí wọ́n ń polówó. Wọn kò ṣeé gbára lé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì sàn jù wọ́n lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni kí ajá jẹ ẹran kan ṣoṣo àti oúnjẹ ilẹ̀ kan ṣoṣo tí kò jẹ rí, fún ọ̀sẹ̀ 8 gbáko. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe kò tó. Fún ajá yín, ẹran ehoro àti ànàmọ́ sísè ni ọkàn mi lọ sí. Tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ sún mọ́ adìẹ jù, bí ewúrẹ́ àti àgùntàn ṣe sún mọ́ màlúù. Ẹ má fi iyọ̀, Maggi tàbí àlùbọ́sà sí i. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹni tí ajá rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ ṣe irú èyí láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó fún egungun tó ń dàgbà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 náà, kò sí pọ̀nmọ́, kò sí egungun láti inú àwo ọmọdé, kò sí búrẹ́dì tí ọlọ́dẹ ń jù sí i lóru. Oògùn eégbọn tí wọ́n fi adùn ẹran sí náà kà. Bí ajá bá ti ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dá yíyún dúró, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ó lè mú kí ó dà bíi pé oúnjẹ ló ṣiṣẹ́; bí ó bá sì jẹ́ oògùn oníhóró, ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín.

Apá tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe ló kù. Bí yíyún náà bá lọ, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà fún un. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, tó sì tún lọ nígbà tí ẹ yọ ọ́, a ti mú ẹlẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ẹ dá adìẹ, màlúù àti ẹyin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣì lè máa jẹ.

Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá wú, tí mímí bá ṣòro fún un, tàbí tí ó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, kí ẹ sì mú àpò oúnjẹ rẹ̀ dání.