Tòmátì inú ike ń tú òdòdó dànù lórí bákónì: kí ló fà á, kí sì ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bákónì wa fẹ̀ tó mítà 1, ó gùn tó mítà 2.5. Oòrùn máa ń wọ ibẹ̀ láti aago 7 àárọ̀ títí di nǹkan bí aago 1 ọ̀sán. Mo gbin tòmátì méjì, ata, efinrin àti míǹtì, kálukú nínú ike onílítà 5. Ihò kan ni mo lu sí ìdí ike kọ̀ọ̀kan, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, mo wá bu ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé lé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Tòmátì ga, ó yọ òdòdó, ṣùgbọ́n òdòdó náà ń já bọ́, ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n. Orí ilẹ̀ ti le gbagidi. Efinrin gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ ò tó nǹkan. Níbo ni mo ti ṣì í? Kí ni mo sì lè gbìn sí irú àyè yìí?

Ìdáhùn: Púpọ̀ nínú àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá: gbòǹgbò kò rí ààyè, kò sì rí afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò ń mí. Inú àlàfo kéékèèké tó wà láàárín erùpẹ̀ ló ti ń rí ọ́síjìn. Nínú oko, ekòló àti kòkòrò máa ń tú ilẹ̀, omi sì ń rí ọ̀nà lọ sí ìsàlẹ̀ jìnnà. Nínú ike, kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Bí ẹ ti ń bomi rin ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yẹn lójoojúmọ́ ló ń kì mọ́ra sí i, àlàfo ń dí, omi ń dúró níbi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, gbòǹgbò sì ń rà. Ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà kò lè fa oúnjẹ bó ti yẹ. Náítírójìn tí kò rí fà láti inú ilẹ̀, ara ewé àgbà ni yóò ti yọ ọ́ fún ewé tuntun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n. Nítorí náà, ẹ má tíì da ajílẹ̀ kankan sí ilẹ̀ tó wà nínú ike yín báyìí. Ajílẹ̀ lórí gbòǹgbò tó ń rà, ìpalára ló máa fi kún un.

Òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ń jẹ́ kí omi tètè jáde, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í fi erùpẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sínú àlàfo ńlá òkúta, àfi tí erùpẹ̀ tó wà lókè òkúta náà bá rin gbindin. Bí òkúta bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, ṣe ni ibi tó rin gbindin yẹn ti gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 5, ibi tí gbòǹgbò lè gbé sì ti dín kù. Ihò ló ń jẹ́ kí omi jáde. Ẹ lu ihò 5 tàbí 6 sí ìdí ike, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ tún lu méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀ pátápátá, torí ike tó jókòó pẹlẹbẹ lórí sìmẹ́ǹtì máa ń fi ara rẹ̀ dí ihò ìdí. Ẹ fi àwọ̀n kékeré bo àwọn ihò náà nínú kí erùpẹ̀ má bàa dà nù, kí ẹ sì fi igi pẹlẹbẹ gbé ike kúrò nílẹ̀ díẹ̀.

Ní ti erùpẹ̀, àdàlù tó fúyẹ́ ni inú ike ń fẹ́. Abọ́ kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n gbogbo rẹ̀, ẹ má lo òṣùwọ̀n kílò. Abọ́ 2 èèpo àgbọn lílọ̀ tí ẹ ti rẹ sínú omi, abọ́ 1 ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán, abọ́ 1 yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi, tàbí perlite (hóró òkúta funfun tó fúyẹ́, tí wọ́n ń tà fún ọ̀gbìn inú ike). Tí ẹ kò bá rí èèpo àgbọn, ẹ da ilẹ̀ dúdú olóràá, ajílẹ̀ jíjẹrà àti èèpo ìrẹsì pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Èyí wúwo díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì lo èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun, torí àlàfo náà ni yóò tún dí. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán kì í rùn, kì í sì í gbóná tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà máa ń jó gbòǹgbò.

Ẹ dán àdàlù náà wò kí ẹ tó gbin nǹkan sí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó ní ọ̀rinrin, kí ẹ fún un. Ó yẹ kó dì mọ́ra, kó sì tú ká tí ẹ bá fi ìka kàn án. Tó bá dì tí kò tú, yanrìn tàbí èèpo ló kù. Tí kò bá tilẹ̀ dì rárá, ajílẹ̀ ló kéré. Ẹ má kún ike dé ẹnu. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ lókè kí omi lè rí ibi dúró kó tó wọlẹ̀.

Ike onílítà 5 tó efinrin kan, ó sì tó míǹtì fún ìgbà díẹ̀. Kò tó ata, ká má tíì sọ tòmátì. Tòmátì kan ń fẹ́ ike onílítà 20 tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Èyí tí kì í ga púpọ̀ lè gba lítà 15. Ata kan ń fẹ́ lítà 10 ó kéré tán. Tẹ̀tẹ̀, létúùsì àti àlùbọ́sà eléwé kò nílò jíjìn, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ti tó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ike tó gùn tó sì fẹ̀. Míǹtì gbọ́dọ̀ dá ní ike tirẹ̀, torí igi rẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, á sì fún ohun tó bá bá gbé pa.

Oòrùn wákàtí 6 tí ẹ ní yìí ni ó kéré jù fún tòmátì àti ata. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ara ike gan-an ni oòrùn náà ń dé, torí ògiri bákónì máa ń ṣíji bo ilẹ̀ nígbà tí òkè ń gba ìmọ́lẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé wọn sórí pèpéle tàbí àga. Bóyá òjìji yìí ló jẹ́ kí efinrin yín gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ kò tíì gé e lórí pẹ̀lú. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀ lókè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra. Ẹ̀ka méjì ni yóò yọ níbẹ̀. Ẹ máa gé bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa já òdòdó rẹ̀ kí ó tó là, torí tó bá ti ń ronú irúgbìn, ewé rẹ̀ á dín kù.

Lójú tiwa, tòmátì kan tó fún bákónì yín, kì í ṣe méjì. Ẹ fi ata méjì kún un, efinrin méjì, míǹtì kan, kí ẹ wá fi ike gígùn kan gbin tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni yóò tètè san wàhálà yín padà jù: láti ìgbà tí ẹ bá fọ́n ọn, tí ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 ni ẹ óò ti máa gé e. Tí ẹ bá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gé e, á tún rú.

Ẹ má gbàgbé ìwúwo. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ike onílítà 20 tí àdàlù inú rẹ̀ ti mumi lè wọn kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ni kí àwọn ńlá wà, kì í ṣe etí bákónì. Ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wà lórí ìgbátí bákónì láìjẹ́ pé a dè é mọ́ inú. Atẹ́gùn kan ṣoṣo ti tó láti gbé e sọ lu ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀.

Omi ni ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́, a ò sì lè sọ iye ìgbà fún yín. Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ti gbẹ, ẹ rọra bomi sí i títí yóò fi máa jáde nídìí. Bíbu omi díẹ̀díẹ̀ wọ́n orí ilẹ̀ lójoojúmọ́ ń tan èèyàn: òkè á rin, ìsàlẹ̀ á gbẹ, tàbí kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó ti kì. Lásìkò ooru àti atẹ́gùn, tòmátì tó ti so lè béèrè omi lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́. Tí àwo bá wà lábẹ́ ike, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Tí èèpo àgbọn bá gbẹ pátápátá, omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ ike sá lọ láìwọlé. Ẹ gbé ike náà sínú bàsíà omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó lè fà á padà láti ìsàlẹ̀.

Òdòdó tòmátì tó ń já bọ́ lè máà jẹ́ ti gbòǹgbò nìkan. Nígbà tí ọ̀sán bá gbóná ju 32°C lọ tí òru náà ò sì lọ sílẹ̀ ju 24°C, àtíkè òdòdó, ìyẹn ìyẹ̀fun inú òdòdó tó ń jẹ́ kó so èso, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fún un ní ìbòòji lọ́sàn-án tí ooru bá le, kí ẹ sì máa fi ìka gbọn igi òdòdó náà jẹ́jẹ́ láàárín àárọ̀ kí àtíkè rẹ̀ lè tú. Tó bá wá so, tí ìdí èso ń dúdú tó ń rà, kálísíọ́mù, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, ni kò dé ibẹ̀. Omi ló sì ń gbé kálísíọ́mù lọ síbẹ̀, nítorí náà bíbomi rin ín lónìí, kí a gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ló sábà máa ń fà á. Èèpo ẹyin tí àwọn kan ń fọ́ sí i kì í tètè yòrò, kò ní gba èso tó ti wà lórí igi là.

Ajílẹ̀ olómi lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn gbígbìn, torí omi tó ń jáde nídìí ń fọ oúnjẹ lọ. Ẹ lo ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Èyí tó ní náítírójìn dáa fún ewé. Ní ti tòmátì àti ata, tí òdòdó bá ti yọ, ẹ wá èyí tí pòtásíọ́mù rẹ̀ ju náítírójìn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé nìkan ni ẹ óò rí.

Èyí tí ẹ ní nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ rọra tú tòmátì kan jáde, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó funfun tó sì le ṣì wà láàyè. Èyí tó pọ́n dúdú, tó rọ̀, tó sì ń rùn ti kú. Tí ìdajì bá ṣì wà láàyè, ẹ gé èyí tó rà kúrò, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ gbìn ín sínú ike ńlá jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí gbòǹgbò máa ń yọ lára igi tòmátì tó bá wọlẹ̀. Ẹ fi í sí ìbòòji fún ọjọ́ 3 sí 4. Ata kò ní irú ẹ̀bùn yìí tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín. Ní ti míǹtì, ẹ gé orí rẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi sínú omi, gbòǹgbò á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Tí tòmátì bá ti rà kọjá àtúnṣe, ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà dáadáa, kí ẹ má sì fi ilẹ̀ inú rẹ̀ gbin tòmátì tàbí ata mọ́.