Irú Iṣẹ́ Pákó Wo Ló Yẹ Ògiri Pálọ̀ Tí Àjà Rẹ̀ Kò Ga?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Pálọ̀ mi ní Ìbàdàn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó gùn ní 14, àjà rẹ̀ sì ga ní 9. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí ọ̀dà ń ṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, balùwẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Káfíńtà ní kí n fi pákó dúdú bo ògiri náà láti ilẹ̀ dé àjà, ìyàwó mi ní ìdajì ti tó. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni mo fara mọ́, àmọ́ ọ̀dà tó ń ṣí yẹn la ó kọ́kọ́ yanjú. Bí a bá fi pákó bo ògiri tó rin, ẹ̀yìn pákó yóò máa bu, ikán tó fẹ́ràn igi tútù yóò gòkè wá, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ẹ bá fi ìka kan pákó tó dún bí agolo òfìfo. Ẹ gé ọ̀rá tí ojú ń rí inú rẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí ọ̀dà ti ṣí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá, ẹ pe púlọ́ńbà kó yẹ páìpù àti àárín táìlì balùwẹ̀ wò, kí ògiri sì gbẹ dáadáa kí káfíńtà tó dé.

Ní ti àrà tí a óò dá, pákó tí a tò lóòró máa ń fa ojú sókè; èyí tí a tò níbùú ń mú kí yàrá fẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ń rẹ àjà sílẹ̀, àjà yín kò sì ga tó láti fara gbà á. Pákó dúdú láti ilẹ̀ dé òkè nínú yàrá onífèrèsé kan yóò gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹ tò ó lóòró, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ògiri, nítorí ìdajì gan-an máa ń gé ògiri sí méjì lọ́nà tí kò dùn ún wò. Gíga yẹn náà ni ẹ̀yìn àga máa ń ha.

Àwọn pákó onílà-lílà tó gbòde báyìí, ike tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun igi ni púpọ̀ nínú wọn. Ikán kì í jẹ wọ́n, omi kì í sì í tètè bà wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, ẹ wá ẹni tí yóò máa nu eruku inú ihò wọn. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ní tirẹ̀ máa ń wú lẹ́sẹ̀ tí omi ìnulẹ̀ bá ń kàn án. Èmi kò ní fi í sí ògiri yẹn.

Ìrókò ni màá lò, nítorí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, ẹ sì kàn fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ kùn ún. Arère mọ́lẹ̀ ju ìrókò lọ, ó sì rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mu oògùn yó. Bí ẹ bá rà á ní Bódìjà lásìkò òjò, ẹ tò ó sínú pálọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, torí pákó tútù tí a kàn mọ́ ògiri yóò sún kì nígbà ọyẹ́, àlàfo yóò sì yọ. Kí káfíńtà gbẹ́ ẹ kí etí kan máa wọnú ihò etí kejì, kó sì kan ìṣó sí etí kan péré, kí igi lè ráyè sún. Àwọn igi ìdìmú tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju íǹṣì 16 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó kan ìṣó kankan, ẹ jẹ́ kí oníná fi ṣọ́ọ̀kì fa ibi tí wáyà gbà kọjá nínú ògiri, kó sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì wá síwájú kó lè bá ojú pákó dọ́gba.