Gopher ń hú òkìtì sínú pápá wa: kí la lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kansas ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé, a sì ní pápá kékeré tí àwọn ewúrẹ́ wa ti ń jẹ̀. Òkìtì erùpẹ̀ ń yọ níbẹ̀ ṣáá. Àwọn aládùúgbò ní pocket gopher ni, ẹranko kékeré bí eku tó ń gbé inú ilẹ̀. A ti da omi sí i, kò dáwọ́ dúró. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo òkìtì náà dáadáa. Ti gopher máa ń tẹ́ sí ìhà kan bí abẹ̀bẹ̀, ẹ ó sì rí ojú ihò tó fi erùpẹ̀ dí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Òkìtì mole, ẹranko kékeré mìíràn tó ń gbẹ́lẹ̀, máa ń rí roboto, àárín rẹ̀ ni erùpẹ̀ ti ń tú jáde. Ekòló àti kòkòrò ni mole ń jẹ. Gopher ló ń jẹ gbòǹgbò.

Ilẹ̀ ni wọ́n dá ẹranko yìí fún. Inú ẹnu ni àpò oúnjẹ òkété wà, ṣùgbọ́n ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ti gopher, irun sì wà nínú àpò náà. Ètè rẹ̀ ń pàdé lẹ́yìn eyín iwájú, kí erùpẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń fi eyín gbẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń wá oúnjẹ sábà máa ń jìn tó ínṣì 6 sí 12. Ibùsùn rẹ̀ lè jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ìdí nìyẹn tí omi yín kò fi ràn án: ilẹ̀ ń fà á mu, gopher náà sì ń fi erùpẹ̀ dí ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí iye òkìtì dẹ́rù bà yín. Gopher kan ló ń dá gbé ihò rẹ̀, àfi àsìkò tí akọ ń gun abo tàbí ìgbà tí ìyá bá ń tọ́mọ. Òkìtì mẹ́wàá lè jẹ́ iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Tàkúté ni mo fọkàn tán jù, ṣùgbọ́n ẹ má dẹ ẹ́ sẹ́nu òkìtì. Ọ̀nà ńlá rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ mú òkìtì tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, kí ẹ fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ ní ìhà tí ojú ihò dídí wà, ní nǹkan bí ínṣì 8 sí 16 sí òkìtì náà. Tí ọ̀pá bá ṣàdédé rì wọlẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 2 sí i, ẹ ti bá a. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ ki tàkúté méjì bọ̀ ọ́, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, torí ẹ ò mọ ìhà tí yóò gbà wá. Ẹ fi wáyà so wọ́n mọ́ èèkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pákó àti erùpẹ̀ bo ihò náà pátápátá: bí ìmọ́lẹ̀ tàbí atẹ́gùn bá wọlé, gopher yóò ti erùpẹ̀ wá láti dí i, yóò sì bo tàkúté mọ́lẹ̀. Èyí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ 2 bá kọjá tí kò mú nǹkan, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.

Májèlé wà lọ́jà, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀. Ajá tàbí òwìwí tó bá jẹ òkú gopher náà lè kó sínú ewu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó wà létí pápá, tí kò dí yín lọ́wọ́, sílẹ̀. Ilẹ̀ koríko yẹn ni ilé rẹ̀: gbígbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí omi òjò wọlẹ̀, ó sì ń gbé erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ wá sókè.

Tí ẹ bá ti mú un, ẹ fi réèkì tẹ́ gbogbo òkìtì náà pẹrẹsẹ, kí ẹ lè tètè rí tuntun, torí gopher mìíràn lè gba ihò tó ṣófo.