"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀": ṣé èébú ni fún télọ̀?

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì oníná ńlá, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ń lò. Nígbà tí mo fi han ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ó wò ó yí ká, ó ní, "Ó dáa o. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Ṣé ó ń bú mi ni?

Ìdáhùn: Kò bú yín.

Èkù ni ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára ọ̀bẹ tàbí idà. Alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ̀bẹ kó mú débi pé á fá irun, síbẹ̀ ọ̀bẹ mìíràn ni wọ́n á fi gbẹ́ igi tí wọ́n máa ki ìdí rẹ̀ bọ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ lòwe náà. Onígbàjámọ̀ pàápàá ń wá ẹni tó máa fá ẹ̀yìn orí fún òun.

Ọ̀gá yín wá fà á dé ìdí maṣíìnì: bó ti wù kí maṣíìnì yá tó, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ń darí rẹ̀. Mo sì gbà fún un. Maṣíìnì inú ilé ń gún aṣọ tó nǹkan bí 800 sí 1,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Irú èyí tí ẹ rà lè gún un tó 5,000. Ẹni tí yíyí ọrùn bùbá kò tíì mọ́ lọ́wọ́, kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, abẹ́rẹ́ ti kọjá àmì. Tó bá wá jẹ́ sátíìnì, ẹ tú u títí, ojú ihò ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo aṣọ olónà, aṣọ tí wọ́n hun ọnà sí lára, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Òfì tí àwọn obìnrin fi ń hun ún, igi ni, wọ́n gbé e dúró lóòró. Kò ní mọ́tò, kò ní bẹ́líìtì. Orí rẹ̀ ni ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó, ìyẹn àwọn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń fi kọ́ èjìká ti ń jáde, tòun ti ọnà lára. Aṣọ Ìjẹ̀bú yìí rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari létí omi, wọ́n sì kà á sí aṣọ iyì. Ta ló máa ní igi ló hun ún?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwe yìí so yín mọ́ irinṣẹ́ tó ti kú. Òwe ò ní kí ọ̀bẹ má mú. Àlùmọ́gàjí tó kú, ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù ní Ṣàgámù yóò fi fa aṣọ ya ni. Bí Ojúde Ọba bá sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí regbéregbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà, kó ogójì aṣọ dé, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ á fojú yín rí nǹkan. Wọn ò ní sún ọjọ́ síwájú nítorí télọ̀.

Ẹ mú àjákù aṣọ díẹ̀ dání, ẹ padà lọ bẹ ọ̀gá yín kó wá jókòó sídìí maṣíìnì náà fún yín fún ọjọ́ kan. Ó jọ pé ó ń dúró kí ẹ pe òun ni.