Ọmọ 62, bọ́ọ̀lù kan, ogójì ìṣẹ́jú

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Pírámárì 4 ni mo ń kọ́, ọmọ 62 ló wà níwájú mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n yàn fún eré ìdárayá ní ọjọ́rú. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní, ó sì ń jò. Ìṣirò ni mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ eré ìdárayá. Bí mo bá kó wọn jáde, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá á máa gbá bọ́ọ̀lù, àwọn yòókù á máa wòran títí ìjà á fi bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wa ti ní kí n kúkú máa fi àkókò náà kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọmọkùnrin kan tún wà láàárín wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn

Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ, àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àkókò yẹn sílẹ̀. Ó ti pé ọdún 23 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní eré ìdárayá, Ọ̀yọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bọ́ọ̀lù tó ń jò kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ìdúró ni. Àwọn ọmọ yín ń dúró jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú tèmi ṣe là sí i. Ní ọdún kẹta tí mo dénú iṣẹ́, mo to ọmọ 40 sí ìlà méjì, mo gbé bọ́ọ̀lù kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà níwájú á gbá bọ́ọ̀lù yí òkúta kan po, á padà wá, á gbá a fún ẹnì kejì, á lọ sẹ́yìn ìlà. Inú mi dùn, nítorí kò sí ariwo, kò sí ìjà. Àgbà tíṣà kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a parí, ó bi mí pé, “Ọmọbìnrin tó wọ sàǹdá pupa yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ló fi sáré lónìí?” Mo ní yóò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó na àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ó ti fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀: ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Gbogbo àkókò yòókù, ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. Oorun kò kùn mí dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é. Ọmọ 62 ní ìlà méjì, ọmọ 31 ló wà ní ìlà kan. Bí olúkúlùkù bá lo ìṣẹ́jú àáyá 20, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á kọjá kí ó tó tún kan ẹni àkọ́kọ́. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ kan á sáré bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìyẹn ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wá pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí ohun èlò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọmọ kan náà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ohun èlò bá wá kan olúkúlùkù, kò ní sí ẹni tí kò ní fi ogún ìṣẹ́jú mira. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi 60 ìṣẹ́jú lóòjọ́, ní ìpíndọ́gba, ṣe ohun tó ń mú kí èémí rẹ̀ yára. Ilé-ìwé nìkan kò lè pèsè gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ti kéré jù.

Níbo la ti fẹ́ rí ohun èlò 62? Nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbọ̀sẹ̀ kan wá, èyí tó ti gbó tàbí tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Ẹ jọ yanrìn kí òkúta má bàa wà nínú rẹ̀, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ ta á ní kókó, ẹ yí ìyókù ìbọ̀sẹ̀ náà padà bò ó, ẹ tún ta á ní kókó kejì. Kí ó tóbi tó ọsàn kan, ó ti tó. Ẹ má fi ẹ̀wà tàbí àgbàdo dípò yanrìn. Eku á jẹ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Mo fẹ́ràn àpò yanrìn yìí ju bọ́ọ̀lù lọ fún àwọn ọmọ kékeré, nítorí pé bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ibi tó bọ́ sí náà ló máa wà. Kò ní yí lọ sójú títì kí ọmọ máa sáré tẹ̀ lé e.

Jíjù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dojú kọ ògiri, kí wọ́n ju àpò náà lù ú, kí ẹ̀yin máa wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ló ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò ní lè yí, apá lásán ló máa fi jù ú. Ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó ṣíwájú, kí ẹ̀gbẹ́ òsì kọjú sí ibi tí nǹkan ń lọ, kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ga tó èjìká. Tí ọmọ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ pa á dà fún un, ẹ má sì fipá mú un lo ọ̀tún. Àlàyé yìí kì í wọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án létí, nítorí náà ewé máńgòrò kan ni mo máa ń fi sílẹ̀ níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, màá ní, “Tẹ ewé, kí o tó jù ú.” Ọmọkùnrin kan wà tí kì í lè ju nǹkan kọjá mítà mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo fi ewé sílẹ̀ fún un, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí ìbàdí, ó jù ú, ó sì dúró tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, téèpù fi hàn pé ó ti ju mítà mọ́kànlá. Agbára ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń wà ni kò mọ̀.

Fífò ńkọ́? Etí ni mo fi ń kọ́ ọ. Màá ní kí wọ́n fò bí ológbò, n kò gbọdọ̀ gbọ́ “gbì” nígbà tí wọ́n bá balẹ̀. Ọmọ tí kò bá fẹ́ kó dún á tẹ orúnkún rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn gan-an ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rírọ́. Tí ẹ bá to ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ sórí bíríkì, kí ó má ga ju agbede méjì ojúgun lọ, kí afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e ṣubú, àwọn ọmọbìnrin á sọ pé àwọn ni Tobi Amusan. Ẹ gbà fún wọn. Ìdènà mẹ́wàá ló fò nígbà tó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní oṣù Keje ọdún 2022, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló sì ń gbé láàárín ìdènà kan sí èkejì. Kí àwọn ọmọ máa kà á sókè bí wọ́n ṣe ń sáré: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, fò!

Ẹ má gbàgbé eré ilé wa. Ẹkùn mẹ́ran dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é lábẹ́ òṣùpá, ẹkùn àti ẹran nìkan ló ń sáré, àwọn tó ṣe ọgbà á kàn di ọwọ́ mú. Nítorí náà, ẹ pín wọn sí ọgbà mẹ́rin, ọmọ 15 nínú méjì, 16 nínú méjì, kí ọgbà fúnra rẹ̀ máa yí bí wọ́n ṣe ń kọrin, kí ẹ sì pàrọ̀ ẹkùn àti ẹran ní gbogbo ìṣẹ́jú kan. Sùwé náà, eérú lásán lẹ fi máa yà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dín àkàrà ni mo ti máa ń gbà á, màá jọ̀ ọ́ kí ìṣó má bàa wà nínú rẹ̀. Ẹ má lo ẹfun ìkọ́lé, ó ń jó ojú ọmọ. Ní ti tẹ́ńtẹ́ń, ẹ ní kí àwọn ọkùnrin náà ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta èémí wọn á ti máa já lura.

Gbogbo èyí kò ní ṣeé ṣe bí fèrè yín kò bá lágbára lórí wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mú ohun èlò kankan jáde. Ẹ kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo: fèrè dún lẹ́ẹ̀kan, olúkúlùkù dúró, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú sọ́dọ̀ tíṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré, ẹ fun fèrè, kí wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ tí ẹ bá pín wọn sí lọ́jọ́ náà, òun ni kí wọ́n lò títí táàmù á fi parí, kí ẹ má bàa máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yan ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tó ń dùn mí: ẹ má fi sísá eré yí pápá po tàbí fúrọ́ọ̀gì jọ́ọ̀mpù jẹ ọmọ níyà. Ohun tí a bá fi na ọmọ lónìí, kò ní fẹ́ràn rẹ̀ lọ́la.

Ó wá kan ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ẹ kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tó sábà máa ń fa ìrora ọmọ náà, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ sì ní kó béèrè lọ́wọ́ dókítà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, yálà ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, irú eré tó lè ṣe. Òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, tí wọ́n á wá dí òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nítorí náà, kí ó mu omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, láàárín, àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jókòó, kí ó jókòó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi í sínú ìje tí a ń fi aago wọ̀n, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tútù gbẹ sí i lára. Bí ó bá ní àyà ń dun òun, bí èémí rẹ̀ bá ń há, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de òpin kíláàsì, ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di aṣọ́bàtà. Mo ti rí ọmọ tó ṣọ́ bàtà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Pírámárì 1 dé Pírámárì 6. Jíjù àpò yanrìn, sùwé, ọgbà ẹkùn mẹ́ran, ó lè wà nínú gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n ara rẹ̀ bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i.

Nípa oòrùn, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé àkókò yín sí òwúrọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá, pàápàá ní oṣù Kejì àti Ìkẹta tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ń mú ganrínganrín. Nígbà ọyẹ́, eruku ló yẹ kí ẹ ṣọ́: ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀, kí ọmọ tó ní ikọ́ fée sì mú ínhélà rẹ̀ wá sí pápá, kó má fi í sílẹ̀ nínú báàgì. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí pápá po wo ìgò fífọ́ àti ihò. Bí gọ́ọ̀lù póòsì bá wà tí kò rì mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan rọ̀ mọ́ ọn, ó lè wó pa ọmọ. Sílípáàsì kò dára fún sísá eré. Ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tí a ti gbá sàn jù ú lọ. Kí àwọn ọmọbìnrin wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ yẹ̀rì, kí àwọn tó wọ híjáàbù yọ pínnì kúrò, kí wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ.

Ọ̀gá yín kò burú, ohun tó ń rí láti fèrèsé ni bọ́ọ̀lù kan àti ìjà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ní kí ó wá bá yín di etí téèpù mú lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń fò jìnnà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ mítà àti sẹ̀ǹtímítà tirẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ padà sínú kíláàsì, kí ẹ fi í ṣe ìpíndọ́gba. Ọmọ tí kì í nawọ́ nínú ìṣirò á fẹ́ mọ̀ bóyá òun ju ìpíndọ́gba lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba máàkì sílẹ̀, ẹ má fi ẹni tó yára jù ṣe òdiwọ̀n. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ tó tọ́ ló ń ṣíwájú, bóyá ó ń balẹ̀ láìdún.

Ní ti bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, wọ́n á bá yín wá ibi tó ti ń jò. Àwọn mẹ́wàá yẹn lè gbá a lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ṣíwọ́.