Ṣé ìwà mi ni kò jẹ́ kí n lè jáwọ́ nínú sìgá?

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jáwọ́ nínú sìgá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo padà. Ẹ̀gbọ́n mi pa tirẹ̀ tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì tán síbẹ̀. Èmi máa ń ro àròjù, inú mi sì tètè máa ń ru. Sìgá ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé ìwà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aláròjù ènìyàn àti ẹni tó máa ń ṣe nǹkan láìronú ni sìgá sábà máa ń di bárakú fún, ó sì máa ń nira fún wọn ju ẹlòmíràn lọ láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwà tó ní kí ẹnikẹ́ni má lè jáwọ́. Ẹ má fi ara yín wé ẹ̀gbọ́n yín rárá.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Bí ẹ bá fa sìgá, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ kí níkótíìnì, èròjà inú sìgá tó ń sọ ọ́ di bárakú, tó dé ọpọlọ. Láàárín wákàtí bíi méjì, ó ti ń dínkù lára, ara á sì máa béèrè rẹ̀: ẹ ó máa kanra, ọkàn yín ò ní lélẹ̀. Sìgá tó kàn á mú ìnira náà kúrò, ẹ ó sì rò pé àníyàn yín ló wò, bẹ́ẹ̀ sìgá ti àkọ́kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó máa ń ṣàníyàn tẹ́lẹ̀ kì í mọ èyí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn tó fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, àníyàn wọn sábà máa ń dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í pọ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ẹ má ṣe dá a fara dà. Patch níkótíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí òùngbẹ sìgá bá gbé yín, ṣiṣẹ́ ju ọ̀kan lọ nínú méjèèjì. Òùngbẹ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ dìde, ẹ rìn títí á fi lọ.

Bí ẹ bá ń lo oògùn fún ọpọlọ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín. Èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ara tètè lo àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí tán, nítorí náà bí ẹ bá jáwọ́, ó lè di dandan kí dókítà dín ìwọ̀n oògùn náà kù.